Dẹ́rẹ́bà fún Ìka Ìyá Mi

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ìyá mi fi tọ́ èmi àti àbúrò mi obìnrin. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọ́fíìsì kan l'Ékòó ni wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàfò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan síbẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n ń bá ṣọ́ọ̀ṣì tẹ ètò ìsìn, wọ́n sì ń bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ tẹ ìwé ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà yẹn ti gbó kí wọ́n tó rà á. Ètò tó ń darí rẹ̀ ni èyí tí àwọn ará àtijọ́ ń pè ní DOS. Kò sí àwòrán kankan lójú rẹ̀, lẹ́tà nìkan ni, èèyàn á sì máa tẹ ohun tó bá fẹ́ kó ṣe fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì gbé e fún àbúrò mi. Wọ́n ní ìka àwọn ti mọ ti àtijọ́ yẹn, pé àwọn kì í wo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí kọ̀ǹpútà náà kò lè ṣe ni kó fàmì sí èdè Yorùbá. Lẹ́tà òyìnbó nìkan ló mọ̀. Ìyá mi á tẹ ìwé tán, wọ́n á mú bírò, wọ́n á fàmì sí i lórí àti nísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n tó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn, nígbà tí oníbàárà kankan ò béèrè rẹ̀.

"Ìwé òkú ni," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè. "Ṣé kí wọ́n wá máa ṣi orúkọ rẹ̀ pè níbi tó ti sùn sílẹ̀ ni?"

Èmi náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n irú tèmi yàtọ̀. Mo ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì tó wà ní Ìbògùn, mo sì ń kọ ètò orí fóònù fún ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó. Ilé ni mo ti ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, nínú yàrá tí mo háyà ní Ìbàfò. Ìyá mi àti àbúrò mi ń gbé ní Mówè, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó kú. Bàbá wa jẹ́ dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan. Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní Ìbògùn ni wọ́n sùn lálẹ́, tí wọn ò jí mọ́. A gbé wọn lọ sílé wọn ní Ọ̀ṣun. Láti ìgbà náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kù fúnra wa.

Lẹ́yìn tí ìyá mi ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, tí wọ́n sì ti gbé kọ̀ǹpútà wọn wá sílé, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àbúrò mi ló gbọ́ tí garawa ṣubú ní balùwẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù, wọ́n ti tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn kú pátápátá. Ọwọ́ òsì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n. Ohùn wọn lọ. A gbé wọn padà sí Mówè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ. Tí àbúrò mi bá ṣe yẹ̀yẹ́ mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí pásítọ̀ bá wá gbàdúrà, tí ó bá ti ń gùn jù, wọ́n á wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀rọ̀ ló kù tí kò lè jáde. Wọ́n á la ẹnu, "áà, áà" nìkan la máa gbọ́, wọ́n á sì pa á dé.

Mo rò pé ibi tí iṣẹ́ tí mo mọ̀ ti lè wúlò nìyẹn. Mo kọ ètò kan sórí fóònù, mo fi àwòrán sí i: àwòrán omi, àwòrán bẹ́ẹ̀dì, àwòrán èèyàn tí ara ń ro. Èèyàn á fọwọ́ kan èyí tó bá fẹ́, fóònù á sì sọ ọ́ jáde. Ìka ìyá mi gbẹ, ó sì ń gbọ̀n, ojú fóònù ò mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan òun. Wọ́n á tẹ omi, fóònù á sọ pé ara ń ro wọ́n. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nítorí tèmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti fóònù náà kúrò lórí itan wọn, wọ́n sì nàka sí igun yàrá níbi tí kọ̀ǹpútà wọn wà lábẹ́ aṣọ.

A ṣí aṣọ kúrò, a tan án. A gbé àga wọn sún mọ́ ọn. Wọ́n gbé ìka òsì lé bọ́tìnnì kan, lẹ́tà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan, ìlà kejì, torí pé wọn ò tètè lè gbé ìka wọn kúrò. Wọ́n tẹ òmíràn, méjì tí ò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ bá a jáde. Wọ́n tún gbìyànjú. Ìyá mi tó máa ń tẹ ìwé láìwo ọwọ́ wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ náà padà sórí itan, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn ò sì fọwọ́ nù ún.

Mo sọ fún wọn pé, "Mọ́mì, ẹ fún mi láyè. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ni mo fẹ́ tún kọ."

Wọ́n wò mí. Mo mọ ohun tí wọn ì bá sọ ká ní ohùn wọn wà, pé dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ni àwọn mọ̀, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo ní nínú kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan wà tó jókòó láàárín èèyàn àti ẹ̀rọ, òun ni wọ́n ń pè ní dẹ́rẹ́bà. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, kíbọ́ọ̀dù á já lu iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lọ́wọ́, á fún un ní nọ́ńbà kan. Bí èèyàn bá gbé ọwọ́ kúrò, á tún fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Dẹ́rẹ́bà ló máa ń gba nọ́ńbà wọ̀nyẹn, tó máa sọ wọ́n di lẹ́tà. Mo ní èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, wọ́n sì mi orí pé ó yé àwọn.

Iṣẹ́ náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ẹ̀rọ tí mo ń kọ ètò fún lójoojúmọ́ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ara wọn. Ìwọ á béèrè, ètò ńlá tó ń darí wọn á lọ bá ọ mú un wá. DOS ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun gbogbo wà ní gbangba níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa lọ bá kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ní èdè ẹ̀rọ gan-an, tí o bá sì ṣe àṣìṣe kékeré, gbogbo rẹ̀ á dákú, àfi kó o pa á kó o tún un tàn. Wọ́n kọ́ wa ní díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Ìbògùn. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà, mo kà á kí n lè yege ni. Mo tún wá ń kà á lórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn ìwé tí àwọn àgbà òyìnbó kan kọ sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wò mọ́. Tí mo bá parí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ mi lọ́sàn-án, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí Mówè.

Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìwọ̀n. Dẹ́rẹ́bà náà gbọ́dọ̀ mọ bí ìka ìyá mi ṣe ń ṣe. Èmi àti wọn á jókòó lọ́sàn-án, fèrèsé á ṣí sílẹ̀, mo máa ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà kan, kọ̀ǹpútà á sì máa fi bí ó ti pẹ́ tó hàn mí. Mo wá mọ̀ pé tí wọ́n bá fẹ́ tẹ bọ́tìnnì kan, ìka wọn á kọ́kọ́ kan èyí tó wà lápá òsì rẹ̀, á gbọ̀n díẹ̀, kó tó wá balẹ̀ sórí èyí tí wọ́n ń wá. Èyí tó bá balẹ̀ sí kẹ́yìn, tó sì dúró díẹ̀, òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Mo kọ ọ́ sínú dẹ́rẹ́bà náà pé kó má ka àwọn tó kọ́kọ́ kàn, kó dúró de èyí tó dúró. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó, lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n ju ti òwúrọ̀ lọ, nítorí náà mo fi bọ́tìnnì kan sí i tí àbúrò mi lè fi mú kí dẹ́rẹ́bà náà túbọ̀ ní sùúrù. Ọwọ́ yìí ló di irun fún mi títí mo fi wọ ilé ìwé gíga, n kò sì mọ̀ ọ́n tó báyìí rí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo bọ́ sẹ́yìn àga wọn, mo sọ pé, "Ẹ tẹ ohun tó bá wù yín, Mọ́mì." Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́tà ń bọ́ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni:

"iyo po ju ninu obe ana"

Àbúrò mi tó se ọbẹ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbórí lé wọn lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wí," ló ń wí. "Ẹ máa bá mi wí."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wí lóòótọ́. Wọ́n ní ká yéé pariwo sí wọn létí, pé ẹsẹ̀ ló rọ, etí ò di. Wọ́n ní aṣọ fèrèsé ti dọ̀tí. Wọ́n ní kí n lọ wo oko àwọn ní Ìfọ̀. Ìfọ̀ ni ilé ìyá mi, bàbá wọn sì fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ sí, wọ́n a máa lọ síbẹ̀ ní Sátidé kí àìsàn tó dé. Mo lọ, mo ya fọ́tò rẹ̀ wá fún wọn. Wọ́n wo fọ́tò náà pẹ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé koríko ti fẹ́ bo ẹ̀gẹ́ àwọn. Àkókò yẹn dùn. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ilé láti ìgbà tí wọ́n ti ọsibítù dé lọ. Tí mo bá wọlé, mo máa kọ́kọ́ lọ wo ojú kọ̀ǹpútà bóyá wọ́n ti fi nǹkan sílẹ̀ dè mí níbẹ̀.

Ọjọ́ kan ni mo wọlé tí mo bá èyí níbẹ̀:

"oko mi da"

Mo jókòó tì wọ́n. "Oko Ìfọ̀ ni, Mọ́mì? Oko wà. Mo ti ní kí wọ́n bá wa ro ó."

Wọ́n mi orí, rárá.

"Ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù? Ọ̀la ló ń bọ̀. Mo ti bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀."

Wọ́n tún mi orí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n sì kọjú sí mi. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó sì padà sí kíṣìnnì.

Mo mọ èyí tó kù. Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ju ohun mẹ́ta lọ tó lè jẹ́, mo sì ti sọ méjì. N kò fẹ́ sọ ìkẹta lẹ́nu ara mi. Mo sọ pé, "Kò sí àmì lórí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó yé mi, Mọ́mì. Mo máa ṣe é kẹ́ ẹ lè máa fàmì sí i." Wọ́n wò mí bí ẹni tó rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àmì. Dẹ́rẹ́bà mìíràn ni, ti ojú kọ̀ǹpútà lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń gbé sójú jẹ́ àpótí kékeré tó kún fún àmì tíntìntín, èyí tó bá tàn àti èyí tí kò tàn ló ń di lẹ́tà. Èèyàn lè tún wọn yà. Mo wá àwọn lẹ́tà tí ìyá mi kò lè lò láéláé, àwọn kan tí òyìnbó fi ń ya ìlà, mo pa wọ́n rẹ́, mo ya ẹ àti ọ àti ṣ sí ipò wọn, mo ya ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sí wọn lórí. Àpótí náà kéré púpọ̀. Tí mo bá fi àmì sí òkè, kì í sí àyè nísàlẹ̀ mọ́, mo máa ní láti ké lẹ́tà náà kúrú. Mo fara balẹ̀ ṣe é. Mo fẹ́ kó rẹwà. Inú mi sì dùn pé ó ń pẹ́, torí pé ní gbogbo àkókò tí mo fi ń ṣe é, kò sẹ́ni tó retí pé kí n dáhùn ìbéèrè kankan.

Nígbà tí ó parí, mo fi bọ́tìnnì kan hàn wọ́n. Mo ní tí wọ́n bá tẹ lẹ́tà tán, kí wọ́n tẹ èyí, àmì á wọlé sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bá tún un tẹ̀, ti òkè á wọlé. Wọ́n tẹ o. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì náà. Ó di ọ, àmì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rekete. Ìyá mi na ìka sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi pa á lára. Apá kan ẹnu wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi pé:

"o ṣé ọmọ mi"

Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ìbéèrè yẹn. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ń tẹ oríṣiríṣi nǹkan, tí wọ́n ń fàmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan àwọn orúkọ nínú Bíbélì. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i:

"ọkọ mi dà"

Kò sí ibi tí mo lè gbà mọ́. Mo di ọwọ́ òsì wọn mú. Mo ní, "Mọ́mì, Dádì ti kú. Ó ti pẹ́."

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ojú àbúrò mi. Wọ́n fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé kíbọ́ọ̀dù. Ó pẹ́ kí lẹ́tà náà tó pé.

"nígbà wo"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, pé Dádì ò jẹ ìrora, pé ìyá mi fúnra wọn ló wẹ òkú náà kí a tó gbé e sínú pósí. Ìyá mi sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Kò sí ohùn nínú ẹkún náà, èjìká wọn kan ló ń mì. A ò mọ ohun tí a lè ṣe. Àbúrò mi kàn ń fi aṣọ nu ojú wọn, ó ń nù ún ṣáá.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọ́n tún béèrè. Mo tún sọ fún wọn. Wọ́n tún gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà tí a sì wà ní kíṣìnnì, àbúrò mi dì mí lápá mú.

"Sístà mi, ẹ má sọ ọ́ mọ́."

"Kí ni kí n wá sọ? Kí n parọ́ fún wọn?"

"Ẹ̀yin máa padà sí Ìbàfò tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán. Èmi ni mo máa bá wọn sùn."

Ìgbà tí wọ́n tún béèrè, àbúrò mi ló dáhùn. Ó ní, "Dádì ti gbé bọ́ọ̀sì jáde, Mọ́mì. Wọ́n fẹ́ lọ gbé àwọn ọmọ ilé ìwé." Ara ìyá mi balẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé kó bo oúnjẹ bàbá wa dáadáa kí eṣinṣin má bà á. Àbúrò mi sì bu oúnjẹ sínú abọ́ kan lóòótọ́, ó dé e, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí wọ́n ti lè rí i. Láti ọjọ́ náà, èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ pé wọ́n wà lójú ọ̀nà. Mo máa ń sọ pé ọjọ́ ìsìn ńlá ni ní Kámǹpù àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú títì márosẹ̀, pé mọ́tò ò lè kọjá. Ó wá mọ́ mi lára débi pé nígbà mìíràn tí mo bá gbọ́ tí mọ́tò dúró níta, mo máa ń gbójú sókè.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni lẹ́tà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Wọ́n fẹ́ tẹ omi, imo ló jáde. Wọ́n tẹ orúkọ àbúrò mi, lẹ́tà àárín ò sí níbẹ̀. Ọkàn mi lọ tààrà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní dẹ́rẹ́bà méjèèjì ń bá ara wọn jà, pé ti àmì ń dá ti kíbọ́ọ̀dù dúró níbi tí kò yẹ. Mo tú u palẹ̀, mo tún un kọ. Kò dá. Mo ní kíbọ́ọ̀dù ló ti gbó. Mo wá òmíràn lọ, mo rí ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìfọ̀, ó wà lábẹ́ àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e wá. Kò dá. Mo ní bóyá ọwọ́ wọn ló tún ti yí padà, mo sì tún wọn gbogbo ìwọ̀n náà. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe èyí, ìyá mi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ mi, bí èmi náà ṣe máa ń jókòó wo tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi wọlé. Ó ní kí n sún. Ó gbé ọwọ́ òsì lé kíbọ́ọ̀dù, ó ń mì í gẹ́gẹ́ bí ti ìyá wa ṣe ń mì, ìka rẹ̀ ń kan èyí tí kò yẹ kó tó balẹ̀. Ó fi tẹ ìlà kan gbáko láti inú Orin Dáfídì. Lẹ́tà kan ò ṣì. Gbogbo àmì rẹ̀ pé.

"Sístà mi," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n tó. Mo fẹ́ sọ pé àṣìṣe irú èyí kì í hàn nígbà gbogbo. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bóyá mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ imo, mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ohun tí mo lè tún ṣe. Dókítà sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àrùn náà ti tún ń kọlù wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ, láìṣubú, láìpariwo, àti pé ọ̀rọ̀ ló ń mú lọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A ò pa kọ̀ǹpútà náà. Ìyá mi ṣì fẹ́ràn kí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n á tẹ lẹ́tà, wọ́n á kọjú sí mi kí n dáhùn. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo máa ń sọ fún wọn nípa iṣẹ́ mi, nípa oko, nípa àwọn ará àdúgbò tó bí ọmọ. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á tún tẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, bọ́tìnnì àmì nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, láìsí lẹ́tà níwájú rẹ̀. Wọ́n kú kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, lọ́sàn-án, àbúrò mi ń bọ́ wọn ní ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó ní wọ́n gbé ṣíbí àkọ́kọ́ mì, wọn ò la ẹnu fún èkejì.

Ìfọ̀ la sin wọ́n sí, ní ilé bàbá wọn. Ní ọjọ́ ìsìnkú, obìnrin kan ní àdúgbò náà wá bá mi. Ó ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àrùn kan náà ló ṣe wọ́n, ohùn wọn sì ti lọ. Ó bi mí bóyá mo lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo di kọ̀ǹpútà náà sínú mọ́tò, mo gbé e lọ sí Ìfọ̀.

Bàbá náà jókòó dè mí, wọ́n ti wọ aṣọ tó mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tan ẹ̀rọ, mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà tó bá wù wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò jáde. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tẹ òmíràn. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú minimini. Ọwọ́ bàbá yìí kì í gbọ̀n rárá. Ńṣe ló máa ń já wálẹ̀ lójijì, á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, dẹ́rẹ́bà mi sì ń ka gbogbo rẹ̀ sí àṣìṣe, ó ń dúró de ìka tó máa pẹ́. Mo rí i tí ojú bàbá náà ń yí padà. Wọ́n rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Kì í ṣe ẹ̀yin. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ṣe é fún."

Mo ṣí inú dẹ́rẹ́bà náà. Gbogbo ìwọ̀n wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀: bí ìyá mi ṣe ń pẹ́ tó láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó ní ìrọ̀lẹ́, bí ìka wọn ṣe ń yà sápá òsì. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọwọ́ kan láyé tó tún lè lò ó. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ti bàbá náà rọ́pò. Ọmọ wọn bu omi fún mi. Mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù.

Nígbà tí mo ṣe tán, mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, b jáde, kan ṣoṣo, ó dúró síbẹ̀. Bàbá náà gbójú sókè wo ọmọ wọn, obìnrin náà sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n tẹ a tẹ̀ lé e. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì sunkún níbẹ̀ títí obìnrin náà fi wá dúró tì mí.